Ata Alhaji

Mo ka kóró ata náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà: 94 ni. Inú ata rodo gbígbẹ mẹ́ta ni mo ti gbọ̀n wọ́n jáde sórí ìwé ìròyìn, nínú yàrá mi l'Òrógùn n'Ìbàdàn, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2021. Mi ò wọ ìbọ̀wọ́. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ya ata gbígbẹ rí, tó wá gbàgbé tó fi ọwọ́ yẹn ra ojú, mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́yìn ìyẹn. Kì í ṣe kóró ló ń ta èèyàn o, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò. Ẹran funfun tínrín tó di kóró mú nínú ata, ibẹ̀ ni oró ẹ̀ wà. Kóró kàn ń fara kó o ni. Ṣùgbọ́n ojú mi ò bìkítà fún àlàyé yẹn lọ́jọ́ náà.

Ó sì yẹ kí n ti mọ̀. Ọmọ aláta ni mí.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń pè mí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, "ọmọ aláta," kì í sì í ṣe oríkì. Màámi ti ń ta ata kí wọ́n tó bí mi: rodo, tàtàṣé, ṣọ̀ǹbọ̀, tòmátì, àlùbọ́sà, lórí tábìlì onígi kan lẹ́bàá ọ̀nà. Bí wọ́n bá délé lálẹ́, wọn kì í fọwọ́ kàn mí. Wọ́n á kọ́kọ́ bu epo pupa díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fi ra ọwọ́ méjèèjì títí dé ọrùn ọwọ́, wọ́n á wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó lè fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo rò pé gbogbo ìyá ló ń fi epo fọwọ́ kí wọ́n tó gbé ọmọ.

Ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni Màámi ti ń ra rodo fún ọdún 19. Alhaji la máa ń pè wọ́n. Ọjà Ṣáṣá ni ìsọ̀ wọn wà, níbi tí tírélà ti ń já tòmátì àti ata tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya. Apá Kánò ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n Yorùbá tí wọ́n ń sọ, Yorùbá Ìbàdàn pọ́ńbélé ni, èyí tí "ṣé" ti di "sé" nínú ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ra ata lápẹ̀rẹ̀ rí mọ ọgbọ́n inú ẹ̀: èyí tó dáa á wà lókè, èyí tó ti ń rà á wà nísàlẹ̀. Alhaji kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún Màámi. Wọ́n á da apẹ̀rẹ̀ náà sórí àpò, gbogbo ẹ̀ pátá, wọ́n á ní, "Ìyá, ẹ wò ó dáadáa." Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì bu èènì lé e. Owó ńkọ́? Màámi á san ti àná, wọ́n á gbé ti òní láwìn. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Orí àwọn méjèèjì ni ìwé náà.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣáṣá. Ẹ máa rántí ẹ̀; ó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Aáwọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ nínú ọjà di ìjà láàárín Yorùbá àti Hausa, ẹ̀mí èèyàn lọ sí i, ilé àti ìsọ̀ jóná, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ti ọjà náà pa. Ilé wa ò jìnnà síbẹ̀. A rí èéfín. Màámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pe nọ́ńbà Alhaji, wọ́n tún ń pè é, obìnrin inú fóònù yẹn ń sọ ọ́ léraléra pé wọ́n ti pa á.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni Màámi gbé apẹ̀rẹ̀ kan láwìn lọ́dọ̀ Alhaji, ₦11,000. Wọ́n ta á tán, wọ́n ka owó Alhaji sọ́tọ̀, wọ́n dì í sínú náílọ̀nù dúdú kan. Kò sí ẹni tí wọ́n máa gbé e fún.

Ata mẹ́ta ló ṣẹ́kù nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn. Màámi ò sè é, wọn ò sì tà á. Wọ́n kó wọn sínú àwo kan lójú fèrèsé, ibẹ̀ ni wọ́n gbẹ sí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Òkè Ọya ní àwọn ò ní kó ẹrù wá sí Gúúsù mọ́. Ọjọ́ mélòó kan péré ló fi rí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó yanjú ẹ̀, àmọ́ ọjọ́ mélòó kan yẹn tó fún ata láti di wúrà. Orí Twitter gbóná. Àwa náà nílẹ̀, a lè gbin tiwa, kí ni wọ́n rò pé àwọn jẹ́, oríṣiríṣi. Ọmọ ọdún 24 ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ ni, mi ò níṣẹ́ kankan, mo sì ní dátà. Èmi náà bu iyẹ̀pẹ̀ sínú rọ́bà ọ̀dà kan, mo ya àwòrán ẹ̀, mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Ata tiwa, nílé wa. A ò nílò wọn." Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Kò tíì sí ohun tí mo kọ tí èèyàn kà tó bẹ́ẹ̀ rí. Inú mi dùn títí mo fi sùn.

Kóró tí mo fẹ́ gbìn sínú rọ́bà yẹn, inú àwo ojú fèrèsé ni mo ti mú un. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò ronú lórí ẹ̀ rárá. Ata ṣáà ni ata, kóró ni mo nílò.

Mo gbin 40 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Iyẹ̀pẹ̀ iwájú ilé ni mo lò, pupa, amọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Mo fi ìka gbẹ́ ihò, oríkèé méjì wọlẹ̀, bí mo ṣe rí i tí ìyá ìyá mi ń gbin àgbàdo. Mo bomi rin ín láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Mo tún wo fídíò lórí YouTube, àmọ́ àwọn òyìnbó tó ń gbin ata níbẹ̀, ìlú olótùútù ni wọ́n wà. Wọ́n ń tẹ́ rọ́ọ̀gì oníná sábẹ́ kóró kí ó lè móoru, wọ́n ń gbé gílóòbù lé e lórí bíi pé aláìsàn ni. Èmi tí oòrùn ń lù lágbárí lọ́fẹ̀ẹ́, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní tèmi á ti hù kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí nǹkan kan. Iyẹ̀pẹ̀ náà le bíi bíríkì. Mo hú u wò. Àwọn kan ti jẹrà. Àwọn kan tiẹ̀ ti la ẹnu, wọ́n ti na okùn funfun kan síta, okùn náà wá ká kọ́rọkọ̀rọ sábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, kò rọ́nà. Kóró ata ò tóbi ju èékánná ọmọ tuntun lọ. Agbára tó wà nínú ẹ̀ ò lè gbé amọ̀ oríkèé méjì. Kí èèyàn bò ó mọ́lẹ̀ díẹ̀ báyìí, bí ẹni wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀, ó ti tó.

Ibi tí mo ti ń hú ilẹ̀ ni Màámi bá mi.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Ata ni mo gbìn, Mà. Kò hù."

"Ata wo?"

Mo sọ. Wọ́n wo inú rọ́bà náà fún ìgbà díẹ̀.

"Àbúrò ẹ ka nǹkan kan fún mi lórí fóònù. Ó ní ìwọ lo kọ ọ́. Pé a ò nílò wọn."

"Ẹ̀yin náà ṣáà rí ohun tó ṣẹlẹ̀, Mà."

"Mo rí i. Ta ni 'wọn'?"

Mo dákẹ́.

"Mo ní ta ni 'wọn'? Ṣé Alhaji ni?"

Ẹ wá wo ohun tí èdè wa ṣe fún mi. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ Alhaji, "wọ́n" ni mo máa ń lò, nítorí àgbà ni wọ́n. Mi ò lè sọ pé "ó wá, ó lọ" nípa wọn láéláé. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún wọn yẹn náà ni mo gbé sórí Twitter, tí mo sì ti bọ́ ọ̀wọ̀ kúrò lára ẹ̀, tó wá di orúkọ fún gbogbo ẹni tí mi ò mọ̀.

Màámi ò pariwo. Ìbá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n kàn bi mí pé mélòó ló kù, mo ní 54. Wọ́n wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé àwo náà wá sí yàrá mi fúnra wọn, wọ́n gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbùsùn, wọ́n ní, "Bó o bá máa gbìn ín, gbìn ín bí ẹni tó fẹ́ kó hù."

Mo ti pa ohun tí mo kọ yẹn rẹ́ lálẹ́ àná ẹ̀. Ó ti pẹ́ jù, àwọn èèyàn ti gbé e káàkiri, àmọ́ mo pa á rẹ́.

Bàbá kan ń gbé ní ilé tó wà lẹ́yìn tiwa, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú wọn kì í tán. Ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé NIHORT, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí ẹ̀fọ́ àti èso, wà n'Ìdí-Ìṣin n'Ìbàdàn níbí láti ọdún 1975. Ọdún mélòó ni mo ti ń wọ ọkọ̀ kọjá ládùúgbò yẹn! Bàbá bá mi sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Wọ́n ní kí n wá ilẹ̀dú, kí n po yanrìn mọ́ ọn kí omi lè máa rí ọ̀nà jáde. Wọ́n ní ìgbẹ́ adìyẹ dáa, ṣùgbọ́n èyí tó ti pẹ́, tó ti jẹrà, tí kò rùn mọ́. Bí ó bá jẹ́ tútù, á jó gbòǹgbò. Wọ́n ní kí n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó títí á fi dàgbà díẹ̀. Wọ́n ní kí n má fi omi pa á.

Ìdajì ohun tí Bàbá sọ ni mo ṣe. Mo gbin 30 sínú rọ́bà áísìkiriìmù kan, gbogbo wọn fún pọ̀, mo lu ihò méjì péré sí ìdí ẹ̀, mo fi náílọ̀nù bò ó kí ó lè móoru. Àwọn òyìnbó YouTube yẹn ló kó sí mi lórí níbi náílọ̀nù. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìkan yọ. Ẹni tí kò bá tíì rí ata tó ń hù rí ò mọ ohun tí mò ń sọ. Kì í yọ orí. Ọrùn ló kọ́kọ́ ń yọ, tó tẹ̀ bí ìwọ̀, orí ẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀, á máa fa ara ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí orí yẹn á fi já jáde, nígbà mìíràn pẹ̀lú èèpo kóró lórí ẹ̀ bíi fìlà. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, 17 ti yọ. Màámi wá wò ó. Wọn ò sọ nǹkan kan, àmọ́ wọ́n tún padà wá lọ́sàn-án.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Ewé orí wọn ṣì tutù yọ̀yọ̀, kò sí kòkòrò, kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ibi tí igi ti kan ilẹ̀ á rọ, á dúdú, á tín-ín-rín bí òwú, ọ̀gbìn náà á wá dùbúlẹ̀. Márùn-ún lọ́jọ́ kan, mẹ́fà lọ́jọ́ kejì. Damping-off ni wọ́n ń pe àìsàn náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Inú iyẹ̀pẹ̀ ló ń gbé, ohun tó sì ń wá ni omi tó pọ̀ jù, ooru, àti ibi tí afẹ́fẹ́ ò dé. Gbogbo ẹ̀ ni mo pèsè fún un. Ọjọ́ mẹ́rin, 17 ti di òfo.

Ó ku 24.

Mi ò fọwọ́ kan wọ́n mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ká sòótọ́, ẹ̀rù bà mí. Láàárín ìgbà yẹn, wọ́n ti ṣí ọjà Ṣáṣá padà, Màámi sì lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ rajà, wọ́n sì mú náílọ̀nù dúdú yẹn dání. Ẹlòmíràn ló wà níbi ìsọ̀ Alhaji. Alábàárù kan sọ fún wọn pé òun rí Alhaji tí wọ́n wọ ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn lálẹ́ ọjọ́ kejì ìjà náà, pé ilé ni wọ́n lọ. Ẹlòmíràn ní rárá, kì í ṣe Alhaji yẹn, Alhaji mìíràn ni. Màámi gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo wálé. Láti ọjọ́ náà ni tábìlì ata wa ti di ibi tí àbúrò mi ń ko ìwé ẹ̀ lé. Wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn.

Àárín oṣù karùn-ún ni mo tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ohun tí Bàbá sọ ni mo ṣe, mo sì fi ọ̀kan lé e: mo se omi, mo dà á sórí iyẹ̀pẹ̀ náà nígbà tó ń hó, kí ohun tó wà nínú ẹ̀ lè kú, mo jẹ́ kó tutù di ọjọ́ kejì. Mo ṣa náílọ̀nù píọ̀wọ́tà 12 jọ, mo gé ẹnu wọn, mo lu ihò mẹ́rin mẹ́rin sí ìdí wọn, mo bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, kóró méjì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò da omi lé wọn lórí. Mo to gbogbo wọn sínú bàsíà, mo bu omi díẹ̀ sí ìdí bàsíà, wọ́n ń fà á mu láti ìsàlẹ̀, bí ojú iyẹ̀pẹ̀ bá ti rin báyìí, mo ti gbé wọn kúrò. Ọjọ́ 12 kọjá kí àkọ́kọ́ tó yọ ọrùn. Mẹ́sàn-án ló hù. Mẹ́sàn-án péré, nínú 94.

Adìyẹ ẹnì kan, mi ò ní í dárúkọ olówó ẹ̀, wá tú mẹ́ta nínú wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́. Ọ̀kan kàn rọ fúnra ẹ̀. Mo fún Bàbá ní ọ̀kan fún owó iṣẹ́ wọn. Mẹ́rin ló délé, tí mo tú gbìn sínú garawa ọ̀dà mẹ́rin ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, nígbà tí ewé tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tó mẹ́fà. (Mi ò rí iṣẹ́ yẹn gbà o.)

Ohun tó tẹ̀lé e, ẹni tó bá ti gbin ata rí mọ̀ ọ́n. Kòkòrò funfun tíntìntín kan wá tó máa ń fò bí eruku béèyàn bá mi ewé, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í ká jọ. Mo gún ewé dọ́ńgóyárò, mo rẹ ẹ́ mọ́jú, mo po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ omi ẹ̀, mo fi ń wọ́n abẹ́ ewé lálẹ́ alẹ́ títí wọ́n fi dín kù. Òdòdó yọ, funfun, kékeré, orí ń tẹ̀ sísàlẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Lẹ́yìn náà òdòdó ń rẹ̀ dànù. Mo sunkún dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Wọ́n ní ìgbẹ́ adìyẹ tí mò ń dà sí i ti pọ̀ jù, ewé ló ń fún mi, kò ní fún mi léso; kí n dá a dúró. Wọ́n ní kí n máa mi igi ẹ̀ jẹ́jẹ́ láàárọ̀, nítorí òdòdó ata lè fún ara ẹ̀ lóyún, ó kàn ń fẹ́ kí nǹkan mì í ni. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jí, mo máa ń lọ mi ata mẹ́rin lọ́wọ́ kí n tó fọ ẹnu.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí mo kà láàárín ìgbà yẹn, nítorí mi ò lè gbé e kúrò lọ́kàn. Ata rodo kì í ṣe ti Yorùbá, kì í sì í ṣe ti Hausa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo ata báyìí ti ṣẹ̀, ẹ̀yìn ìrìn àjò Columbus ní ọdún 1492 ni wọ́n tó kúrò níbẹ̀, tí àwọn Pọtogí sì gbé e káàkiri dé etíkun wa. Kí ó tó dé, ataare àti iyèré ni àwọn baba ńlá wa ní tí wọ́n bá fẹ́ kí nǹkan ta. Ní ọdún 1776, onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Jacquin pè é ní Capsicum chinense, nítorí ó rò pé ilẹ̀ China ló ti wá. Àṣìṣe ni, àmọ́ orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo ata tó ti Amẹ́ríkà wá, tó ń jẹ́ orúkọ China, tí ọkùnrin Kánò ń tà fún obìnrin Ìbàdàn, tí obìnrin Ìbàdàn sì ń pariwo ẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà pé ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni. "Ata tiwa" ni èmi kọ sórí Twitter.

Oṣù kẹwàá ni àkọ́kọ́ pọ́n. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n kéde pé David Julius àti Ardem Patapoutian ló gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn. Ní ọdún 1997 ni Julius àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ ẹ̀ rí ilẹ̀kùn tí oró ata, capsaicin, ń kàn lára wa. Ilẹ̀kùn kan náà ni iná ń kàn. Ìdí nìyẹn tí ata fi ń jó èèyàn láìsí iná: ara gbà pé iná ni. Capsaicin yìí ò sì fẹ́ràn omi. Nínú ọ̀rá àti epo ló ti ń yọ́. Ibẹ̀ ni mo dé tí mo fi gbé fóònù sílẹ̀. Mo ka ìyókù fún Màámi, mo túmọ̀ ẹ̀ bí mo ṣe lè túmọ̀ ẹ̀. Wọ́n ní, "Wọ́n wá fún un lówó nítorí ìyẹn?"

Ata tó pọ́n yẹn, èmi kọ́ ni mo já a. Màámi ló já a. Wọ́n gbé e sétí imú, wọ́n fi èékánná dá ara ẹ̀ lápá kan, wọ́n fi kan ahọ́n. Ojú wọn kún fún omi, àmọ́ ata ni ata, ẹ má jẹ́ kí n fi nǹkan mìíràn kún un. Wọ́n yí i lọ́wọ́ wo ìdí ẹ̀, bí Alhaji ṣe máa ń fẹ́ kí wọ́n wo ìdí apẹ̀rẹ̀.

"Tiwọn ni," ni wọ́n wí.

Ọ̀kan nínú igi mẹ́rin náà so ata tó gùn díẹ̀, tí kò rí roboto bíi ti àwọn yòókù. Bàbá ní oyin ló máa ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó láti ara oríṣi kan dé ara òmíràn, pé ibi tí wọ́n ti gbin ata tí Alhaji tà fún wa, oríṣi mìíràn ti wà nítòsí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ nǹkan kan nípa oko kan tí mi ò ní dé láéláé.

Ọdún kejì ni igi mẹ́ta nínú wọn tó gbó, ọ̀kan tiẹ̀ wọ ọdún kẹta. Màámi ló ń fi kóró pamọ́ báyìí. Ata tó pọ́n dénú nìkan ni wọ́n ń mú, èyí tó ṣì tutù, kóró inú ẹ̀ ò gbó, kò ní í hù dáadáa. Wọ́n ń sá a sí ibòji, kì í ṣe inú oòrùn, wọ́n ń fi bébà dì í. Garawa ti di 22 lẹ́yìnkùlé. Mo ti rí iṣẹ́, mi ò fi bẹ́ẹ̀ sí nílé mọ́. Wọ́n ló ń mi òdòdó láàárọ̀. Orúnkún tí wọ́n ní ó ń dun àwọn, mi ò gbọ́ ọ mọ́.

Nígbà tí nǹkan wọ́n gan-an ní ọdún 2024, tí rodo ẹgbẹ̀rún náírà ò kún àtẹ́lẹwọ́ mọ́, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn wa. Mo rò pé Màámi máa fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Wọ́n tà á fún wọn. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, ojú tiẹ̀ tì mí, ata ẹ̀yìnkùlé lásán.

Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Obìnrin kan láti ilé kejì wá ra ata. Màámi gbé tábìlì wọn síta, ìwé àbúrò mi ti kúrò lórí ẹ̀, wọ́n tẹ́ àpò sí i, wọ́n da gbogbo ata inú abọ́ sórí ẹ̀ kí obìnrin náà lè rí i, wọ́n wá ń tò ó ní márùn-ún márùn-ún. Wọ́n fi méjì lé e.

"Ẹ ṣeun o, Màmá. Èènì yín yìí pọ̀ jù."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi."

Obìnrin náà san owó, ó lọ. Màámi wọ yàrá. Láti pálọ̀, mo gbọ́ ìró náílọ̀nù.

Mo bi wọ́n pé eélòó ló ti wà níbẹ̀ báyìí.

"Ṣé owó ẹ ni?" Wọ́n jáde, wọ́n ń fi epo ra ọwọ́. "Owó olówó ni. Lọ bomi sí ata."